Kí Ni Olórí Wa Fẹ́ràn?

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí irú ẹni tó yẹ kó máa darí ẹgbẹ́. Bí a bá ń wá olórí, agbádá ni a máa ń wò, àti iye tí ẹni náà ná mọ́ olórin lórí. (Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.) Ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ gan-an ni a kì í béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Owó kò tó, ló bá ń kọ́ àwọn òyìnbó ní Yorùbá kó lè rówó jẹun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí oúnjẹ nìkan. Ó sọ Yorùbá lórí rédíò ní 1924, ó sì gbà á sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní 1926, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń wá bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò ṣe dùn ju ti ẹni tó ni ín lọ.

Síbẹ̀, ìfẹ́ èdè kò sọ ọ́ di ẹni tí kò rí ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ keje oṣù kẹjọ 1925, òun, Dókítà Herbert Bankole-Bright ọmọ Sàró, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan dá ẹgbẹ́ WASU (West African Students' Union) sílẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló wá gba Ṣólàńkẹ́ lọ́kàn jù. Nígbà náà, bí onílé bá ti rí i pé aláwọ̀ dúdú ni ọ́, yàrá ti tán nìyẹn. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń ti ìlú dé ìlú tọrọ owó títí di 1932. Ilé WASU ṣí ní Camden Road ní 1933. Ìyàwó tó fẹ́ lẹ́nu ìrìn àjò yẹn ló ń tọ́jú ilé náà, tó ń se oúnjẹ wa fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá a: Ọpẹ́olú Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ọbísànyà.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, Aggrey House, WASU ní ṣe ni wọ́n fẹ́ fi máa ṣọ́ àwọn. Àmọ́ nígbà tó yá, WASU náà gba ìrànwọ́ ìjọba, inú àwọn kan kò sì dùn sí i. Èmi kò dá Ṣólàńkẹ́ lẹ́bi. Ilé tí èèyàn ń gbé gbọ́dọ̀ san owó iná.

Iṣẹ́ lọ́yà tó torí rẹ̀ wá kò sọ ọ́ di olówó, ẹgbẹ́ ló gba àkókò rẹ̀. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dìbò ní àpéjọ yìí, ẹ bi olùdíje kọ̀ọ̀kan pé: kí lẹ máa ń ṣe lọ́jọ́ tí kò sí ìpàdé? Ọmọ ta lẹ gbà sílé rí? Ẹni tí kò bá rí nǹkan fi dáhùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìbò fún un.