Bí Ọkọ̀ Dísù Bá Kọ̀ Láàárọ̀

Bí bọ́ọ̀sì onídísù yín bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá. Ẹ tẹ́tí sí i ná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dáadáa tí kò gbiná, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó máa ń dùn mí bí awakọ̀ bá lọ ra bátìrì tuntun nítorí afẹ́fẹ́ lásán tó wọ páìpù epo. Láti lé afẹ́fẹ́ náà jáde, ẹ tú nọ́ọ̀tì orí fítà epo díẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré rẹ̀. Ìfófòó ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi mọ́ gaara, kí ẹ tó de nọ́ọ̀tì náà padà. Bó bá tún kọ̀ lọ́la, ó ṣeé ṣe kí páìpù kan ti sán níbì kan. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá a rí.