Eré Ọjọ́ Méjì: Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀ka Wa Rí Kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

 

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá pé kí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń wá nídìí eré. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ ni a mú wá.

Game jam ni wọ́n ń pè é. Àwọn ènìyàn á péjọ, a ó fún wọn ní orí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á sì ṣe eré tuntun lé e lórí kí àkókò tó pé. Èyí tí a ń pè ní Global Game Jam bẹ̀rẹ̀ ní 2009, wákàtí 48 ni wọ́n sì ń lò nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gba eré orí páálí pẹ̀lú. Ìyẹn ni àwa náà fi lè ṣe é.

Páálí, ọmọ ayò, dáìsì àti bírò ni a kó sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn wa. Orí ọ̀rọ̀ wa ni “Ká Padà Délé Láyọ̀”. A pa awakọ̀, mẹ́kánìkì àti àwọn tí ń di ọjà pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀wọ́ kan fẹ́ fi gbogbo ọ̀nà Èkó sí Kano ṣeré: táyà, pẹtiróòlù, ọlọ́pàá, ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, òfin rẹ̀ ti pọ̀ débi pé kò sí ẹni tí ó lè ta á dópin. Ọ̀wọ́ kejì mú ohun kan ṣoṣo: ẹ̀rọ kan, àti irin tí ó bo ẹnu rẹ̀. Bí o bá ṣí irin náà, ọjà rẹ á yára. Ṣùgbọ́n bí dáìsì bá já sí ení, o ti fara pa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló jẹ.

Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi ń ta á. Kí ni a rí? Gbogbo wọn ló ṣí irin! Kò sẹ́ni tí ó rán wọn. Òfin eré náà ló tì wọ́n. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀ka tí ń di ọjà wá ní: “Ẹ ò rí i? Báyìí gan-an ni bónọ́ọ̀sì wa ṣe rí.” Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Wọ́n yí òfin kan padà: bí ẹnì kan bá fara pa, gbogbo ọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò dúró. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn tí ń ta á bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún ara wọn.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a mú bọ̀. Èkíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kékeré, kí ẹ sì tètè dán an wò. Èkejì, ẹ fún ẹni tí kò bá yín ṣe é, kí ẹ panu mọ́, kí ẹ máa wo ibi tí yóò ti ṣì í. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ méjì ń mú irúgbìn wá ni, kì í ṣe ìkórè. Arvi Teikari, ọmọ Finland, ṣe Baba Is You ní game jam kan ní 2017. Ó di 2019 kí ó tó jáde fún títà.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì tí a fi tinútinú ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀gá fi tipátipá gbà. Ní 2004, àfẹ́sọ́nà òṣìṣẹ́ Electronic Arts kan ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà síta gbangba nípa iṣẹ́ àṣekára tí kò lówó ófátáìmù. Ní 2018, àwọn tí ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ náà, iṣẹ́ ni.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀ yín kí ẹ dìbò fún. Kí a gbé eré ẹ̀rọ náà síwájú àwọn ọ̀gá nígbà tí a bá jókòó lórí bónọ́ọ̀sì. Kí a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ bá gbé kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni yóò jẹ́, owó rẹ̀ yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọgbọ́n kò pin sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.