Kí Ìjọba Ọlọ́run Kí Ó Dé



Ojoojúmọ́ ni àwa ń bẹ Baba pé kí ìjọba Rẹ̀ kí ó dé. Kí ni a ń tọrọ? Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí lè kọ́ wa. Ní ọdún 1878, ogun jà ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ sì já lu omi Ọtìn, wọ́n ṣègbé. Nítorí náà ni a ṣe ń pè é ní ogun Jálumi. Ní àkókò ogun wọ̀nyí, àwọn ará Òkukù fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n wá sá di Ìkìrun. Ìjọba idà nìyẹn.

Ní ọdún 1886, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ wa méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó, títí a fi ṣe àdéhùn. Wọn kò gbàdúrà tán kí wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin àdúrà wọn.

Lónìí, a lè ti Ìkìrun gba Ìnísà dé Òkukù láìsí ìbẹ̀rù ogun. Ṣùgbọ́n ogun ilé kù. Ẹni tí ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí ààlà oko, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba Ọlọ́run dé, ilẹ̀kùn ni ó ń tì mọ́ Ẹni tí ó ń pè. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ parí ìjà. Kí Ọlọ́run àlàáfíà kí ó ràn wá lọ́wọ́. Àmín.