Ọmọ Tuntun Tí Ó Ń Fẹ́ Àmójútó
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ owó oṣù la sábà máa ń sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun tí ewu wà lórí rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í dúró kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀nà kí ó tó yẹ omi àti ọ́ìlì wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú ọmọ. Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, láti 1956 sí 1961, fi èyí hàn ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n dá kílíníìkì sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. Bí ó bá gbé ọmọ wá, nọ́ọ̀sì a wọ̀n ọ́n, a sì fi àmì sí i lórí káàdì. Bí àmì wọ̀nyí bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí wọ́n bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Lórí káàdì yìí kan náà ni wọ́n ń kọ ìdí tí ọmọ fi nílò àmójútó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: bí ó bá jẹ́ ìbejì, bí ó bá fúyẹ́ nígbà ìbí, bí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ti kú, bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kú léraléra. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ó wà kí nọ́ọ̀sì lè tètè mọ ìdílé tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ lọ bí ìyá rẹ̀ bá wà nídìí ẹ̀rọ? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa. Òfin Iṣẹ́, tí a ṣe ní 1974, sọ pé ìyá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí ó bá ti pé oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọn yóò san fún un kò gbọdọ̀ kéré ju ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Bí fọ́máànì bá sọ pé ojú rere ni, ẹ sọ fún un pé òfin ni. Ẹ mú ẹjọ́ náà wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹ má dá a jà.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń na ọ̀nà jíjìn, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Ẹ mọ ọjọ́ kílíníìkì. Ẹ fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá délé, ẹ ní kí wọ́n mú káàdì wá, kí ẹ wò ó bí ẹ ti ń wo ìwé ọkọ̀ yín. Ọmọ òṣìṣẹ́ kan, ọmọ gbogbo wa ni.