Kókó inú Ọkàn: Àwọn Àmì Rẹ̀ àti Bí A Ṣe ń Dá A Mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ àìsàn kan tí ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n tí a máa ń ṣì mú fún àìsàn mìíràn títí ọjọ́ yóò fi lọ. Òun ni kókó tí ń hù nínú ọkàn.

Ọkàn ènìyàn dà bí ilé oníyàrá mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ a máa ti inú yàrá kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké a sì máa ṣí, a máa tì. Oríṣi kókó méjì ni ó lè wà níbẹ̀. Èkínní ni èyí tí ó hù nínú ọkàn fúnra rẹ̀. Èkejì ni jẹjẹrẹ tí ó ti ọmú, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ibòmíràn ràn dé ọkàn. Èyí ni ó pọ̀ jù. Nínú oríṣi èkínní, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà ni àwọn dókítà ń pè ní myxoma. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Yàrá òkè ní apá òsì ni ó sábà máa ń wà, tí yóò so rọ̀ bí èso lára igi. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Bí kókó náà bá dí ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Aláìsàn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú. Òmíràn a dìde, òyì a kọ́ ọ, a sì dákú. Bí ó bá yí ara padà, ara rẹ̀ a tún balẹ̀. Ègé kan lè já lára kókó náà, kí ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sí ọpọlọ, kí apá àti ẹsẹ̀ kan rọ lójijì. Ibà tí kò lọ, rírù àti oríkèé ríro náà wà lára àmì rẹ̀.

Ibi tí ewu wà nìyí. Bí ìyá kan ní ọjà Pẹ́drò bá ní irú àmì wọ̀nyí, ará ilé lè pè é ní ibà, aládùúgbò lè pè é ní ọwọ́ ayé. A ó máa se àgbo, kókó yóò sì máa dàgbà.

Dókítà a kọ́kọ́ fetí sí àyà aláìsàn ní ìjókòó àti ní ìdùbúlẹ̀, nítorí ìró ọkàn lè yàtọ̀. Fọ́tò àyà lè fi ìfura hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán ọkàn ni ó ń fi kókó náà hàn gbangba. Kò sí abẹ, kò sí ìrora. Inge Edler àti Hellmuth Hertz ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Lund, ní Sweden, ní ọdún 1953. Ní ọdún 1954, Dókítà Clarence Crafoord ti Stockholm fi abẹ yọ irú kókó bẹ́ẹ̀, aláìsàn sì yè. Ní ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ẹnúgù. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a yọ myxoma fún ni ara wọn ń yá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa padà fún àyẹ̀wò, nítorí ó lè tún hù.

Ẹ̀yin ará Pẹ́drò, Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Gbàgádà kò jìnnà sí yín. Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì sì wà ní Ìdí-Àràbà láti ọdún 1962. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó ní kókó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń fà á lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìbáà jẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni a ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá dákú láìnídìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọ̀la kí ẹ tó gbé e lọ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.