Erè Kékeré: Ọmọ Ihò tàbí Ọmọ Ilé?

Ní Ìjàgbó lẹ́bàá Ọ̀fà, gẹ́gẹ́ bí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bí ejò bá yọ nínú ilé, igi ni onílé ń wá. Ṣùgbọ́n ní Bìrìtìkó àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi owó ra ejò láti sìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni erè kékeré, ejò ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà láti Senegal títí dé Uganda. Kì í ṣe òjòlá tí ń gbé ẹran mì. Ekukáká ni ó fi ń gùn ju mítà kan àbọ̀ lọ; kò ní oró; bí ẹ̀rù bá bà á, a ká jọ bí bọ́ọ̀lù, a sì fi orí pamọ́ sí àárín. Ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin, ilé òrìṣà wà fún un, wọn kì í sì í pa á níbẹ̀.

Oríṣi méjì ni ẹni tí yóò rà á lè rí. Èkíní ni ti ọgbà ìtọ́jú ní Togo, Benin àti Ghana. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ọgbà" lè rò pé inú rẹ̀ ni a ti bí ìyá àti bàbá ejò náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ a máa gbẹ́ abo tí ẹyin wà nínú rẹ̀ jáde nínú ihò; yóò yé ẹyin sí ọgbà, a ó sì kó àwọn ọmọ náà lọ sí òkè òkun. Ètò náà ni pé kí a dá ìyá àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ padà sínú igbó. Láti ọdún 1975, erè tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Èkejì ni èyí tí a bí láti ìran dé ìran nínú ilé, tí a ń ṣà fún àwọ̀. Ní ọdún 1992 ni a bí àfín erè nínú ilé ní Amẹ́ríkà; lẹ́yìn náà, àwọ̀ di oríṣiríṣi. Irú èyí kì í ní aràn àti eégbọn tó ti inú igbó, ó sì tètè ń jẹun. Àmọ́ àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní "spider" ní àbùkù tirẹ̀: etí inú rẹ̀ kò pé, nítorí náà orí rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè dúró déédéé. Àwọ̀ àti àìsàn náà jọ ń bọ̀ ni. A kò lè ya wọ́n.

Àwọn kan sọ pé bí a bá kọ ti ọgbà sílẹ̀, ọdẹ Togo yóò pàdánù owó, kò sì ní rí ìdí láti dá ihò sí. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Síbẹ̀, ẹyin tí abo erè ń yé kò pọ̀, kì í sì í yé lọ́dọọdún. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó súnmọ́ ewu. Owó tí ó ń bọ̀ láti inú ihò kan kò lè pẹ́ bí ihò náà bá ṣófo.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí olùrà bi ẹni tí ń tà: níbo ni a ti bí ìyá ejò yìí? Ṣé ara rẹ̀ dá ṣáṣá? Ọmọ ilé tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, tí kò ní àbùkù àwọ̀, ni ó yẹ kí ó yàn. Bí olùtà kò bá lè dáhùn, kí ó fi ejò náà sílẹ̀.