GPS Inú Bàálù Kékeré: Àkànmọ́ Ni Tàbí Àgbéká?

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ra bàálù kékeré Cessna 172 àlòkù kì í pẹ́ kó tó kan ìbéèrè yìí: ṣé kí n kan GPS mọ́ dáṣíbọọ̀dù ni, àbí kí n ra èyí tó ń wọ báàgì?

Owó ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Àgbéká kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó fóònù olówó ńlá lọ. iPad pàápàá ń ṣe é. Àkànmọ́ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ká tó wá san ti oníṣẹ́ tó máa tú dáṣíbọọ̀dù palẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin wà ńlẹ̀. FAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, kò gbà kí awakọ̀ fi GPS àgbéká nìkan wá ọ̀nà nínú kùrukùru, níbi tí ojú kò ti ríran síta. Àkànmọ́ tó gba òǹtẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí, bí irú Garmin GNS 430 tó jáde ní 1998, tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù. Ìsọfúnni inú rẹ̀ sì ń fẹ́ àtúnṣe ní ọjọ́ 28-28, owó nìyẹn náà o!

Ẹni tó ń fò kìkì nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ ńkọ́? Lójú tèmi, àgbéká tó o. Kó ṣáà má gbé iPad síbi tí oòrùn ti ń pa á, torí bó bá gbóná jù, á pa ara rẹ̀. Bí iná ọkọ̀ bá sì lọ lókè, bátìrì àgbéká yìí ló kù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tó ní àkànmọ́ fi ń mú un dání.